Áńgẹ́lì Tí Bàbá Àgbà Fi Hámà Fọ́

Ẹni tó ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá Àgbà níbi ìsìn ìsìnkú sọ pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni wọ́n. Irọ́ gbuu. Mo jókòó sí àga kejì láti iwájú, mo fi ìwé ètò ìsìn bo ẹnu kí àwọn èèyàn má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa mí níbi òkú. Gbogbo Màsífà ló mọ̀ pé Bàbá Àgbà ò ka ẹnikẹ́ni tí kò mọ sìmẹ́ǹtì í pò sí èèyàn gidi, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n pò náà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ níyì lójú wọn. Díákónì tó ń ka ìwé ọ̀hún gan-an, Bàbá Àgbà ti pè é ní àgbá òfìfo rí lójú gbogbo ìjọ. Ṣé ó gbàgbé ni? Kò gbàgbé o. Ó kàn mọ̀ pé òkú ò lè fèsì ni.

Èmi lè fèsì. N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti orúkọ olùkọ́ tó kọ́ wọn ní a, b, d, nítorí pé àwọn fúnra wọn ò ka olùkọ́ náà sí. Ìwà wọn ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní Ìsúndúnrìn, èyí tí ìjọ fi lé wọn jáde kí ìjọ kan náà tó wá fi orin gbé òkú wọn wọlé.

Iṣẹ́ Bàbá Àgbà ni kí wọ́n máa fi sìmẹ́ǹtì mọ ère sára ilé. Àwọn ni wọ́n mọ kìnnìún àti òdòdó sára ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ lágbègbè Ẹ̀jìgbò, àwọn náà ni wọ́n mọ àwọn áńgẹ́lì tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ àti ṣíbí bíríkìlà kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán. Àwọn áńgẹ́lì tí wọ́n ń dà sínú fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń tò sẹ́bàá títì fún títà, tí gbogbo wọn ní ojú kan náà bí ìbejì ọgbọ̀n, Bàbá Àgbà kórìíra wọn dé eegun. Bí a bá gun ọ̀kadà kọjá ibẹ̀, wọ́n á ní kí ọlọ́kadà dúró, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wo ọ̀kan nínú wọn látòkè délẹ̀, wọ́n á pòṣé, wọ́n á tún gun ọ̀kadà padà. Ọlọ́kadà á máa ráhùn pé ta ló ń dúró nítorí òṣé.

Ní ọjọ́ kan, a lọ kí ẹbí wa kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọkùnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti ẹbí wa yìí ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, ìyẹn sì ti mọ kìnnìún méjì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ pé Bàbá Àgbà wá sí àdúgbò, inú rẹ̀ dùn, ó sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo nǹkan. Bàbá Àgbà yí àwọn kìnnìún náà po. Wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn. Ọkùnrin náà dúró, ó ń retí ìyìn. Ni wọ́n bá bi í pẹ̀lú sùúrù pé: "Ewúrẹ́ yín yìí, ṣé ó ti ń bímọ?"

Ìyá mi ló tún padà lọ bẹ onílé. Bàbá Àgbà ò mọ ìdí tí èèyàn fi ń tọrọ àforíjì nítorí òtítọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé wọn ò gba Ọlọ́run gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ ju àwọn tó ń pariwo lọ. Àdúrà wọn ló kúrú. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, "Olúwa, a dúpẹ́," ó tán, ọwọ́ ti wà nínú ọbẹ̀. Tí àlejò kan bá wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà gígùn lórí oúnjẹ, tó ń dárúkọ gbogbo ọ̀tá láti Màsífà títí dé òkè òkun, Bàbá Àgbà á la ojú sílẹ̀, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo aṣiwèrè ọjà. Wọ́n ní ẹni tó ń sọ fún Ọlọ́run ohun tí Ọlọ́run ti mọ̀, ó ń fi Ọlọ́run ṣe òpè ni.

Alájì kan wà ní Ẹ̀jìgbò tó ń ta aṣọ, tó jẹ́ pé ìdajì ẹbí rẹ̀ ń gbé ní Àbíjàn. Ó gbé iṣẹ́ fún Bàbá Àgbà, ó ní òdòdó àti ewé nìkan ni òun fẹ́ lára ilé òun, pé kò gbọdọ̀ sí ohun abẹ̀mí kankan níbẹ̀. Àwa rò pé wọ́n máa bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n yin Alájì títí a fi délé. Wọ́n ní ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń bẹ̀rù, ó sì mọ ìdí tó fi ń bẹ̀rù rẹ̀. "Àwọn tiwa," ni wọ́n wí, "ohunkóhun tó bá ti ní ìyẹ́ ni wọ́n máa kúnlẹ̀ fún, àfi adìẹ."

Mo ní láti sọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ báyìí. Àkọ́bí Bàbá Àgbà ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó kú lọ́mọdé, tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ibà ló ṣe é. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀jìgbò, Bàbá Àgbà ní ibà lásánlàsàn, ta ni kì í ṣe, pé àgbo á tó o. Wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú ibà náà bí wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo nǹkan. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé ọmọ náà sórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Ẹ̀bi Bàbá Àgbà nìyẹn náà. Lásìkò ìkórè, onífọ́tò kan máa ń gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá sí Màsífà, gbogbo ilé á wọ aṣọ tó dáa, wọ́n á tò síta. Ọdún tí Àbẹ̀kẹ́ kú, onífọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú àìsàn yẹn. Àbẹ̀kẹ́ ti dirun, ó ti wọ bàtà, ó ti dúró. Bàbá Àgbà lé ọkùnrin náà kúrò ní ojúlé. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ìka kan tẹ nǹkan, tó tún ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọwọ́. Ìyá Àgbà bẹ̀, wọn ò gbà. Èsì tí wọ́n fọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà máa ń sín in jẹ fún mi pẹ̀lú ohùn wọn gẹ́lẹ́: "Èmi tí mo lè fọwọ́ mọ ọ́n, kí ni mo fẹ́ fi bébà ṣe?"

Wọ́n sì mọ ọ́n lóòótọ́. Àbẹ̀kẹ́ ò tíì pẹ́ nílẹ̀ tí ìjọ Ìsúndúnrìn fi ránṣẹ́ pe Bàbá Àgbà pé àwọn fẹ́ áńgẹ́lì ńlá kan lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Ojú Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi sí i. Áńgẹ́lì náà na ìyẹ́ méjèèjì, ó dorí kodò díẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìyá Ìyá Àgbà ló ní dandan kí wọ́n kọlà fún ọmọ náà. Mo ti rí áńgẹ́lì púpọ̀ láyé mi, ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn. N kò rí èyí tó dà bí ẹni tó lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ àfi ìyẹn.

Kí ni ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣe? Wọ́n bínú sí pélé. Wọ́n ní àwọn ò rí áńgẹ́lì tó kọlà rí nínú ìwé kankan. Pásítọ̀ ìgbà náà, ẹni tí pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òun alára, dúró sábẹ́ àkàbà, ó ń béèrè ta ló kọlà fún áńgẹ́lì lọ́run. Bàbá Àgbà ń nu ṣíbí wọn, wọn ò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. "Ẹni tó fún áńgẹ́lì inú ìwé yín ní imú òyìnbó náà ni."

Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ọmọ wọn ni. Àwa ará ilé nìkan la mọ̀. Ìyá Àgbà máa ń wá ìdí tí wọ́n á fi lọ sí Ìsúndúnrìn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ kí ìbátan tó bímọ, tàbí kí wọ́n lọ wo iṣu olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, èmi ni mo ń tẹ̀ lé wọn. A kì í ra iṣu kankan. A ó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà á gbójú sókè, wọ́n á tún gèlè wọn ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọlé àna. Lọ́jọ́ kan, òjò ti mú kí ewéko àwọ̀ ewé hù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà dárò rẹ̀ títí a fi délé, pé ojú ọmọ òun ti dọ̀tí, kò sì sẹ́ni tó máa bá a nù ún.

Nígbà tó yá ni díákónì kan ti Àbíjàn dé. Òun ni mo ní ó ka ìwé níbi ìsìnkú. Ó kó owó bọ̀, ó kó "ṣe bọ̀n", ìyẹn "ó dáa" lédè Faransé, bọ̀, ohun gbogbo ni ó ń dá lóhùn pẹ̀lú "ṣe bọ̀n". Ìjọ ò wo iwájú, wọn ò wo ẹ̀yìn, wọ́n fi í ṣe alága ìkọ́lé. Ó lẹ táìlì mọ́ ilẹ̀, ó lẹ ẹ́ mọ́ ògiri, ó lẹ ẹ́ mọ́ àga ìwàásù, títí ṣọ́ọ̀ṣì fi dà bí ilé ìwẹ̀ ńlá. Ó wá gbé táńkì omi kan sókè, sẹ́yìn áńgẹ́lì gan-an, kí omi lè máa wá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àlejò pàtàkì. Bí wọ́n ṣe ń lu ihò fún páìpù, wọ́n lù ú wọ ẹ̀yìn orí áńgẹ́lì náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ ò bá rí ariwo. Wọ́n ní áńgẹ́lì ń sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ayé. Pásítọ̀ tuntun tó wà níbẹ̀ nígbà náà sọ ọ́ ní omi àánú. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ẹ̀jìgbò wá, wọ́n ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, wọ́n ń gbé ike lọ́wọ́, wọ́n ń kúnlẹ̀ lórí táìlì díákónì, wọ́n ń gba omi táńkì. Àwọn tó ń sọ pé áńgẹ́lì yìí burú nítorí pélé, àwọn gan-an ló wá ń fi aṣọ funfun nu ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀. Bàbá Àgbà gbọ́, wọ́n lọ wò ó, wọ́n gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sọ fún pásítọ̀ àti díákónì lójú gbogbo èèyàn pé táńkì wọn ló ń jò. Díákónì ní kí Bàbá má dí Ẹ̀mí lọ́wọ́, pé ojú ìgbàgbọ́ nìkan ló lè rí i. Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà ti pè é ní àgbá òfìfo, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹ̀gàn tó wà lójú wọn lọ́jọ́ náà, mo rò pé ó tó wọn, pé wọn ò tún ní dá sí i.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni èmi àti Ìyá Àgbà tún lọ, Bàbá Àgbà sì ní àwọn ń bọ̀ pẹ̀lú wa. N kò mọ ohun tó gbé wọn dìde. Ìsìn ti parí, àwọn èèyàn ti kúnlẹ̀ síta. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín wọn tó ti abúlé kan lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn wá, ó gbé ọmọ pọ̀n, orí ọmọ náà sì ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bàbá Àgbà fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. Wọ́n ní kí obìnrin náà dìde, kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀jìgbò. Ó ní láti àná ni òun ti wà níbẹ̀, pé áńgẹ́lì ti wo òun, pé òun ò ní kúrò. Bàbá Àgbà bẹ̀ ẹ́. Mo ní wọ́n bẹ̀ ẹ́! N kò gbọ́ kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí, mo sì ti gbé ọ̀dọ̀ wọn láti kékeré. Wọ́n lọ bá pásítọ̀ pé kó bá àwọn sọ fún un. Pásítọ̀ jáde, ó gbọ́wọ́ lé orí ọmọ náà, ó gbàdúrà, ó padà wọlé lọ jẹun. Díákónì náà ní ìgbàgbọ́ ni oògùn.

Àkàbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníná fi ń ṣiṣẹ́, hámà wọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Àgbà gbé àkàbà náà, wọ́n fi ti ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n fẹ́ gba omi láti òkè ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìyá Àgbà nìkan ló rí hámà. Wọ́n jáwọ́ lára mi, wọ́n sáré lọ sábẹ́ àkàbà, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́," ni Ìyá Àgbà wí, "ẹ dákun, ẹ bá mi dá ojú rẹ̀ sí."

Bàbá Àgbà wo ìsàlẹ̀, wọ́n wo ìyàwó wọn. Wọ́n wo ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn. Ojú gan-an ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ni obìnrin náà ń wò. Wọ́n lù ú, ó sán. Wọ́n tún lù ú, imú wó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ní pélé já bọ́ sórí táìlì, páìpù dúdú kan sì yọ jáde níbi tí ojú wà, ó ń kán tó, tó, tó. Ariwo sọ. Bàbá Àgbà yíjú sí obìnrin náà láti orí àkàbà. "Áńgẹ́lì ti kú. Gbé ọmọ ẹ, ó di ọsibítù."

Obìnrin náà dìde, ó bẹ́ sórí ọ̀kadà. Ọmọ yẹn ò kú. Ó ti dàgbà báyìí, ó ń tún fóònù ṣe ní Ẹ̀jìgbò, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé ojú ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi rà á padà.

Ìjọ lé Bàbá Àgbà, láti Ìsúndúnrìn dé ẹ̀ka Màsífà tí àwa ń lọ. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ló gùn wọ́n. Wọ́n ra áńgẹ́lì fọ́ọ̀mù kan, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ góòlù, wọ́n gbé e sí ojú ihò náà, ó wà níbẹ̀ dòní, kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò bí ẹni tí wọ́n jí ní oorun ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá Àgbà fi ń ka Bíbélì wọn lábẹ́ ibòòji ilé lọ́jọ́ ìsinmi, láìsí pásítọ̀ kan tó yà kí wọn. Nígbà tí wọ́n darúgbó, tí wọn ò lè gun àkàbà mọ́, ni ìjọ wá sọ pé àwọn ti dárí jì wọ́n. Mo sọ fún Bàbá Àgbà. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ìjọ pé àwọn ò tíì dárí ji ìjọ.

Ìyá Àgbà ò bá wọn jà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí Bàbá Àgbà tún un mọ, kékeré, sínú yàrá, kí ojú òun lè máa rí i. Bàbá Àgbà ní kí ló le níbẹ̀. Wọ́n po sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n mọ orí kan, wọ́n wò ó, wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n ní yanrìn ló pọ̀ jù. Wọ́n mọ òmíràn, wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ayé òde òní ò dáa. Wọ́n bú ọyẹ́, wọ́n bú ṣíbí. Ẹ̀yìnkùlé kún fún orí fífọ́, adìẹ ń gun orí wọn. Títí wọ́n fi jókòó lọ́jọ́ kan, tí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí wọ́n ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi ń wo áńgẹ́lì ẹ̀bá títì. Wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà pé ojú yẹn ò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́. Àtìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí nínú ẹbí wa, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á gbé e padà fún ìyá rẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí wọn, mo ti Òṣogbo wá. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ọ̀sán gangan ni, Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Bàbá Àgbà ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ imú mi, wọ́n tọ abẹ́ ojú mi, wọ́n tọ àgbọ̀n mi. Wọ́n wá tú mi sílẹ̀. "Ìwọ náà ò jọ ọ́."

Ó dùn mí wọra, n kò ní purọ́. Omi ti ń bọ̀ lójú mi. Ìyá Àgbà ò gbórí sókè níbi ẹ̀gúsí wọn, wọ́n kàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oòrùn. "Báwo ló ṣe máa jọ ọ́? Imú Àbẹ̀kẹ́ gùn ní tirẹ̀."

Bàbá Àgbà yí orí síbi tí ohùn náà ti wá. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Mo bí i."

"O bí i, o ò wò ó. Imú wo ló gùn? Imú kúkúrú tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ti apá ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ sún."

Ìyá Àgbà ní ó dáa, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Bàbá Àgbà pòṣé, wọ́n ní iwájú orí tó yọ bí ti ìyá àwọn, afọ́jú lásán ló máa pè é ní pẹrẹsẹ. Ìyá Àgbà ní pélé rẹ̀ dọ́gba. Bàbá Àgbà ní dídọ́gba kẹ̀, ti òsì ga ju ti ọ̀tún lọ nítorí pé olóólà yẹn ti mutí, àti pé ojú rẹ̀ jìn, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan sì máa ń sùn ju èkejì lọ. Ìyá Àgbà mọ ọkọ wọn. Ẹ bi Bàbá Àgbà ní ìbéèrè, wọn ò ní dáhùn, ṣùgbọ́n kò sí bí àṣìṣe ṣe lè kọjá níwájú wọn kí wọ́n má tún un ṣe. Irọ́ lórí irọ́ ni Ìyá Àgbà ń pa, etí, eyín, àgbọ̀n, Bàbá Àgbà sì ń fi ẹ̀gàn tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wọn ń mọ nǹkan lójú òfurufú, títí kò fi sí irọ́ kankan tó kù láti pa.

Ìyá Àgbà gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Wọ́n di ojú wọn.

"Ẹ ṣé, Bàbá Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí. "Mo ti rí i."